Kọ̀ǹpútà Abẹ́ Léèsì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí ní Oregun. Ó ṣì ń rí mi lára títí dòní!

Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà. Láìbrérì wa ní Ìkẹjà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba íńtánẹ́ẹ̀tì, ìwé àti iṣẹ́ ilé-ìwé kún orí ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni fáwọn ọmọ. Wọ́n ní kí n lọ máa polówó ẹ̀ fáwọn òbí àti ilé-ìwé. Èmi tẹ́nu mi kì í sinmi, ta ni wọn ì bá tún rán?

Mo dé ilé-ìwé kan nítòsí àwọn fáktírì lọ́jọ́ ìpàdé òbí. "Kọ̀ǹpútà" tí wọ́n kọ sára sáìnbọ́ọ̀dù wọn tóbi ju orúkọ ilé-ìwé lọ! Mo ṣàlàyé tán, ni Ìyá Bísí, ará Èkìtì kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, bá ní kí n fi bọ́mọ òun ṣe máa lò ó han òun lórí kọ̀ǹpútà ilé-ìwé.

Mádàámú tó ni ilé-ìwé fajú ro. Ó ní ká bọ́ bàtà ká tó wọlé. Àbí mọ́ṣáláṣí ni? Kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n fi léèsì funfun bò ó, wọ́n gbé òdòdó oníke lé e lórí. Mo nawọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fọwọ́ kàn án! Eruku!"

"Mádàámú, ṣé ìyàwó tuntun ni, tá ò gbọdọ̀ ṣíjú ẹ̀?"

Àwọn òbí rẹ́rìn-ín. Mo ká léèsì kúrò. Yéè! Gíláàsì wà níwájú, ṣùgbọ́n nígbà tí mo yẹ ẹ̀yìn ẹ̀ wò, kò sí ẹ̀rọ kankan nínú ẹ̀, ìgbẹ́ eku ló kún ibẹ̀. Aáyán ya jáde. Mo ju léèsì nù!

Ìyá Bísí béèrè pé kí wá làwọn ọmọ ń fi ṣe. Mádàámú ní wọ́n máa ń tò síwájú ẹ̀, wọn á wò ó, wọn á yà á sínú ìwé. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, ẹgba ni. Kò tiẹ̀ tijú!

Nígbà tó di Sátidé, Ìyá Bísí mú ọmọ ẹ̀ wá sí láìbrérì. Inú mi dùn. Àfi bí Bísí ṣe bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, tó káwọ́ sẹ́yìn, tó wá dúró tí ń wo kọ̀ǹpútà. Mo ní kó jókòó, kó tẹ̀ ẹ́. Ó wojú ìyá ẹ̀.

"Mọ́mì, wọn ò ní nà mí?"

Inú tó bí mi, ẹ má wulẹ̀ béèrè. Ìyá ẹ̀ di ọwọ́ ẹ̀ mú, ó fi ìka ẹ̀ tẹ lẹ́tà B. B yọ lójú gíláàsì. Bísí pariwo, gbogbo láìbrérì bojú wẹ̀yìn!

Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ́ kí sáìnbọ́ọ̀dù tàn yín. Ẹ wọlé, ẹ ṣí aṣọ wò. Kí ni wọ́n fi léèsì bò níléèwé ọmọ tiyín? Ẹ sọ ọ́ síbí, ká jọ kórìíra ẹ̀!