Egbò Tí Kò Dun Eno Pokuaa

Nọ́ọ̀sì Boatemaa mọ egbò bí ìyá ṣe ń mọ ẹkún ọmọ rẹ̀. Ní abúlé wọn létí odò Ofin, na ẹsẹ̀ sí i báyìí, á sọ fún ọ pé ti àdá nìyí, etí rẹ̀ gún régé. Ti ìtọ̀ ṣúgà nìyí, àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń yọ sí, ẹni tó ni ín kì í tètè mọ̀. Èyí tó bá jókòó sókè ọrùn ẹsẹ̀ tó ń ṣomi ṣáá, á ní iṣan ni kò gbé ẹ̀jẹ̀ padà bó ṣe yẹ. Àwọn èèyàn ń yìn ín. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé ìdí odó Eno Pokuaa, ojú ilẹ̀ ló ń wò.

Eno Pokuaa ló ń ta fùfú ní igun ọjà. Àwọn géńdé ló ń gún un, òun ló ń fọwọ́ yí i nínú odó. Bí ọmọrí odó bá ti gòkè, ọwọ́ Eno á wọlé, kó tó sọ̀kalẹ̀, ọwọ́ ti jáde, ẹnu rẹ̀ á sì máa bá oníbàárà ṣàwàdà. Wọ́n ní fùfú tí kò bá gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, kókó ni yóò kún inú rẹ̀.

Ọjọ́ ọjà ni Eno gbé apá wá sí ilé ìwòsàn. Èrò kún orí bẹ́ǹṣì. Egbò wà nítòsí ìgúnpá ọ̀tún.

"Kí ló ṣe yín, Eno?"

"Ọbẹ̀ ẹyìn gbígbóná ló ta sí mi, ọmọ mi."

"Ó ń dùn yín?"

"Ìwọ náà, ṣé iná ń jóni kó má dunni? Àbí iná tìrẹ ní ilé ìdáná máa ń pani lẹ́rìn-ín ni?"

Gbogbo bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín, Boatemaa náà rín in. Ó rọ omi sí aṣọ tó lẹ̀ mọ́ egbò, ó fà á. Eno ò mira. Ìgbà tí aṣọ ti kúrò tán ni ìyá wá rántí pé ó yẹ kí òun ké yéè.

Boatemaa rí i. Ó rí i pé igbe yẹn pẹ́ kó tó dé. Ó tún rí i pé egbò náà rí roboto, bẹ́ẹ̀ ọbẹ̀ tó ta síni lápá, sísàlẹ̀ ló ń ṣàn lọ. Ó sì mọ ìdí tí ènìyàn fi lè parọ́ ìrora, torí ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí: lójú ará abúlé yẹn, egbò tí kò dunni, àfi èyí tí ẹnìkan bá rán síni. Ta ni yóò jẹ fùfú tí ẹni tí wọ́n sà sí lápá bá yí? Ṣùgbọ́n èrò pọ̀, ara ti rẹ̀ ẹ́. Ó fún ìyá ní ìpara iná, ó ní ó dàbọ̀.

Àsìkò òjò ti parí kí Eno tó padà wá. Apá ti ká kò. Boatemaa tú bándéèjì, ó rí etí egbò tó gbé sókè bí etí ẹní tó ń ká. Ó mú igi tí wọ́n wé òwú sí lórí, ó tì í jẹ́jẹ́ sábẹ́ etí náà. Igi wọlé. Ó ń wọlé lọ. Ojú Boatemaa ni Eno ń wò, kò wo apá.

"Eno, ó ń dùn yín?"

"Kò dùn mí rí. Kókó kan ló kọ́kọ́ yọ sábẹ́ awọ, bí ẹyọ èkùrọ́. Kò sí ọbẹ̀ kankan."

"Kòkòrò àìfojúrí ló fà á, kì í ṣe àsàsí. Oògùn rẹ̀ wà, oṣù méjì lẹ ó fi lò ó."

"Apá ńkọ́?"

"Egbò á jiná. Bóyá ni apá á nà tán."

Eno mí kanlẹ̀. "Ẹnu mi ló ṣe mí."

Orí Boatemaa mì bí ẹni tó gbà bẹ́ẹ̀. Kò mọ ìgbà tó mì í.

Láti ìgbà náà, bí Eno bá wá gba oògùn láàárọ̀, á kọjú sí bẹ́ǹṣì: "Ẹ má parọ́ fún nọ́ọ̀sì o. Èmi parọ́, ẹ wo apá mi." Wọ́n á kẹ́dùn, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ọpẹ́ yẹn ń há Boatemaa lọ́fun bí egungun ẹja. Ó fara dà á títí, ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan tí kò lè fara dà á mọ́.

"Eno, ẹ má sọ ọ́ mọ́. Ẹnu yín parọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n egbò ò parọ́ fún mi. Mo rí i lọ́jọ́ náà pé kì í ṣe iná."

Eno yíjú padà sí i.

"O rí i?"

"Mo rí i. Mo ní kí ẹ máa lọ."

Ìyá wò ó. "Èmi sì rò pé àwàdà mi ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín." Ó na ọwọ́ òsì. "Fún mi ní oògùn mi."

Egbò jiná. Apá ò nà. Dufie, ìyàwó ọmọ Eno, ló ń yí fùfú báyìí, ẹ̀rù ọmọrí odó sì ń bà á. Boatemaa ṣì ń lọ síbẹ̀ jẹun. Eno á bu ọbẹ̀ sí i, á fi ìgbín sí i, bíi ti tẹ́lẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, kókó wà nínú rẹ̀ o," ni yóò wí.

"Mo mọ̀, Eno."

Á jókòó, á sì gbé e mì, kókó kan lẹ́yìn òmíràn, kò ní ṣa ẹyọ kan sọ́tọ̀.