Ìrìn-àjò Mi sí Ìwọ̀-Oòrùn, Tó Parí sí Coppell

Èmi Fọláránmi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé Richardson ní Texas, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún mi ni pé kí n máa la ọ̀nà fún ọ̀rọ̀ tó ń gba inú wáyà kọjá, kó má baà ṣìnà. Ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti ń ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Olúwadámisí, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló gbé iṣẹ́ wálé láti ilé ìwé. Wọ́n ń kọ́ nípa àwọn tó rìn lọ sí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ yìí láyé ọjọ́un, láìní máàpù kankan. Dámisí ní olórí wọn máa ń kọ ohun tójú wọn rí sílẹ̀, tí wọ́n bá ṣìnà, yóò kọ pé wọ́n ṣìnà. Tíṣà wá ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá òbí rẹ̀ lọ síbi tí wọn ò dé rí, láìlo fóònù, kó ya ọ̀nà náà sínú ìwé. Dámisí yan odò Brazos, tó wà níwọ̀-oòrùn, lẹ́yìn Fort Worth. Ọjọ́ Ajé ló máa dúró síwájú kíláàsì, Sátidé nìkan la sì ní, torí ti ṣọ́ọ̀ṣì ni Sọ́ńdè.

Mo sọ ara mi ní Captain. Mo dé fìlà abetí ajá. Mo di ìrẹsì àti ẹran díndín tó lè bọ́ odidi ẹgbẹ́ ọmọ ogun, mo sì gba àdúrà ìrìn-àjò títí ẹran fi tutù. Aago méjì ọ̀sán ti kọjá kí a tó kúrò nílé.

Níbi tí òpópónà 635 ti pàdé òpópónà 121, mo yà láìwo ẹ̀yìn.

“Daddy, the sign...”

“Ta ni Captain?”

“You, sir.”

Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó ń kọ nǹkan. Láti kékeré ni mo ti kọ́ ọ pé a kì í bá àgbà jiyàn.

Kò pẹ́ tí a fi bọ́ sáàárín àwọn ilé ìkẹ́rùsí ní Coppell, tí bàálù ń fò kọjá lórí wa. A kọjá níwájú ilé funfun kan lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà kẹta, aṣọ́nà ibẹ̀ ti ń juwọ́ sí wa bí ará ilé. Mi ò bi í léèrè ọ̀nà. Mo sọ fún Dámisí pé mò ń yẹ ilẹ̀ wò ni.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, mo páàkì, a ń jẹ ìrẹsì tútù. Odò ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Dámisí fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó gbé ìwé rẹ̀ fún mi: olórí ìrìn-àjò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Èdè òyìnbó ló fi kọ ọ́, ohun tó wà níbẹ̀ rèé: “Aago mẹ́ta: Captain yà síbi tí kò yẹ. Mo rí Fort Worth lára àkọlé lápá kejì. Nílé wa, a kì í bá àgbà jiyàn. Aago mẹ́rin: Captain ò mọ̀nà. Kò sọ fún mi.”

“O mọ̀nà látìgbà yẹn?”

“Yes, sir.”

“Kí ló dé tó ò sọ?”

“I tried, sir.”

Ojú tì mí débi tí fìlà abetí ajá ò lè bò ó. Mo ti kọ́ ọmọ yìí ní ẹ̀kọ́ ilé, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Mo gba pẹ́ńsùlù, mo fọwọ́ sí i, mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: “Òótọ́ ni. A ṣìnà. Ẹ̀bi mi ni.”

Dámisí kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun máa kà á fún kíláàsì bẹ́ẹ̀.

Mo ṣí fìlà, mo dé e sí i lórí.

“Ó yá, Captain. Ibo la máa gbà délé?”

“Left, sir.”

Mo ti lanu láti sọ pé ọ̀tún ni. Mo pa á dé, mo yà sósì.