Káàdì Ìyá Àgùdà àti Pákò Àbúrò Ọkọ Mi

Òórùn kọfí ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ìyá Àgùdà ní Bẹẹrẹ, kí òórùn aṣọ tuntun tó wà lábẹ́ ayọ́ọ̀nù eléèédú tó tẹ̀ lé e. A kì í mu kọfí nílé wa ní Bẹ́yẹrúnkà. Aró là ń rẹ, òórùn aró ló sì wà lára wa tọkùnrin tobìnrin. Aránṣọ ni ìyá náà. Ó bá ọkọ̀ ojú irin gòkè wá láti Èkó, òun àti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, láyé ìgbà tí àwọn òyìnbó ṣì ń sọ fún wa lójoojúmọ́ pé ogun ti tán. Òkè òkun ni wọ́n bí i sí, ní ilẹ̀ tí wọ́n kó àwọn òbí rẹ̀ lẹ́rú lọ. Yorùbá dá lẹ́nu rẹ̀ ṣáká, àfi pé ó máa ń fa ọ̀rọ̀ díẹ̀ bí ẹni ń kọrin. Ìgbà tí mo gbé aṣọ kan lọ fún un kó bá mi rán an ni mo kọ́kọ́ rí àwọn káàdì tó fi ń yẹ ọ̀ràn wò fún èèyàn lórí tábìlì rẹ̀, níwájú obìnrin kan tó wọlé pẹ̀lú ẹkún tó sì jáde pẹ̀lú ojú gbígbẹ. Mo gbàgbé aṣọ tí mo gbé wá.

Ìwọ tí a jọ dàgbà mọ̀ pé n kì í ṣe ẹni tó lè jókòó sójú kan. Lọ́dún náà, ó tún wá pọ̀ sí i. Ọkọ mi ti bá àwọn tó ń la ọ̀nà ojú irin lọ sápá Jẹ́bà. Lákọ̀ọ́kọ́, ó máa ń kí wa láti ẹnu àwọn tó bá ń bọ̀ nílé. Nígbà tó yá, ìkíni dáwọ́ dúró, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé òun fojú kàn án. Àwọn kan ní ibà ló pa á, àwọn kan ní àpáta ló wó lù ú. Mọ́gàjí ilé wa ní ká jẹ́ kí òjò ọdún náà rọ̀ tán. Bí ìròyìn ò bá dé títí ìgbà náà, òun á pe ẹbí jọ, wọ́n á gbà pé ó ti kú, wọ́n á sì ṣú mi lópó fún ẹlòmíràn nínú ilé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wà, n kò lọ́kọ lọ́ọ̀dẹ̀, n kò sì ṣe opó. Mo ń gbá ilẹ̀ tí mo ti gbá, mo ń ro aró tí kò fẹ́ rírò. Màá sọ̀ kalẹ̀ gba Ògùnpa lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, màá wo ojú àwọn tó ń bọ́ sílẹ̀, màá tún gba ọ̀nà Mápó padà láìdúró kí ẹnikẹ́ni dáadáa. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Àwọn ará ilé rí gbogbo ìrìn yẹn, wọ́n ní ìfẹ́ ọkọ ni. Wọ́n ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, pé ẹ wo obìnrin tó mọ ọkọ dúró dè.

Nítorí náà, mo bẹ ìyá Àgùdà pé kó bá mi wá ọkọ mi nínú káàdì. Ó wo ọwọ́ mi tó ń tú etí ìró mi láìmọ̀, ó ní òun kì í tẹ́ káàdì fún ẹni tí ara rẹ̀ ò lélẹ̀. Bí mo bá fẹ́, kí n jókòó kí n kọ́ ọ fúnra mi. Mo rò pé ó ń fi mí ṣeré ni, ṣùgbọ́n mo jókòó. Mo ń bá a yí ọwọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, òun náà ń kọ́ mi. Àwọn káàdì náà ti gbó, etí wọn ti rọ̀ bí awọ. Ife wà nínú wọn, idà wà, owó wúrà wà, igi tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé wà, pẹ̀lú àwọn ọba àti ẹlẹ́ṣin tí wọ́n ń wo èèyàn tìkàtẹ̀gbin. Ó pẹ́ tí kò kọ́ mi ní ohunkóhun ju kí n máa pò wọ́n, kí n ṣí wọn, kí n sọ ohun tí mo rí. Mo rí idà, mo ní ogun. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ọmọ Ìbàdàn ò lè rí idà kó má rántí ogun. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọ̀rọ̀ tó gé èèyàn lọ́kàn náà ń jẹ́ idà. Ife ni ohun tó wà nínú ọkàn, owó ni ohun tó wà lọ́wọ́, igi tútù sì ni iṣẹ́. Mo ń kà wọ́n sínú bí mo ti ń lọ lójú ọ̀nà, bí ọmọ ilé kéwú.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ìyá Àgùdà jẹ́ kí n máa tẹ́ káàdì fún àwọn tó ń wá. Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n tán. Lọ́jọ́ kan, olóbì kan wá béèrè bóyá kí òun lọ bá ọmọ òun obìnrin gbé ní Kúdẹtì, nítorí ọmọ náà ti di onígbàgbọ́, ó sì ń bẹ òun. Mo sọ̀rọ̀ lọ bí omi. Mo túmọ̀ ife, mo túmọ̀ owó, mo ní ìrìn náà dára. Obìnrin náà dúpẹ́, ó dìde, ó lọ. Ìyá Àgùdà gbé ayọ́ọ̀nù kalẹ̀.

"Káàdì lò ń wò láti àárọ̀," ó ní. "Ta ló ń bá wa wo obìnrin náà?"

Mo bínú díẹ̀. Mo mọ̀ pé ojú lọ̀rọ̀ wà, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo rò pé ojú káàdì ni.

Nígbà tí òjò fẹ́ tán, ó gbà kí n tẹ́ ẹ fún ara mi. Ọ̀sán ni, ilẹ̀ ṣì tutù, ó sì ń lọ ṣòkòtò ẹnì kan. Mo béèrè ibi tí ọkọ mi wà, mo ṣí káàdì. Igi tútù kan ṣoṣo ló jáde, wọ́n gé e ní orí àti ìdí. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ni igi ń jẹ́. Mo ti sọ ọ́ fún àìmọye èèyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lọ́jọ́ yẹn, pákò ni. O mọ àṣà wa: bí ọkùnrin bá kú, ẹni tó bá fẹ́ opó rẹ̀ nínú ẹbí á fi pákò tirẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Bí opó bá gba pákò, ó gba oní-nǹkan.

"Pákò ni," mo ní. "Wọ́n fẹ́ ṣú mi lópó. Ó ti kú."

Ìyá Àgùdà kò tilẹ̀ wo káàdì náà. Èmi ló ń wò. "Kí ló dé tí èjìká rẹ fi sọ̀ kalẹ̀ báyìí?"

Mo ní ìbànújẹ́ ni. Ó ní rárá, òun ti rí ìbànújẹ́ nídìí tábìlì yìí rí, kì í jẹ́ kéèyàn mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, èsì wo lò ń bẹ̀bẹ̀ fún nígbà tó o fẹ́ ṣí i?"

Mo dìde, mo jáde. Mo rìn títí mo fi dé Ọjà'ba, mo sì tún yí padà láìra nǹkan kan. Ohun tó ń lé mi kiri látọjọ́ yìí ti dúró níwájú mi, mo sì rí i. Kì í ṣe pé mo ń wá ọkọ mi ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Mo ń lọ rí i dájú pé kò sí nínú àwọn tó bọ́ sílẹ̀ ni. Ọkùnrin náà ò nà mí rí, kò sì fi ebi pa mí. N kò kàn fẹ́ ẹ ni, láti ọjọ́ tí wọ́n ti fọ ẹsẹ̀ mi wọlé rẹ̀, n kò sì rí ẹni sọ ọ́ fún, bẹ́ẹ̀ ni n kò sọ ọ́ fún ara mi.

Ẹbí jókòó gẹ́gẹ́ bí mọ́gàjí ti wí. Kò pẹ́ tí pákò àbúrò ọkọ mi fi dé, wọ́n fá a, ó mọ́ tónítóní. Mo dá a padà. Inú gbogbo ilé dùn. Ìwọ náà mọ ìdí rẹ̀: opó tó bá lẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá pákò padà, kí wọ́n má baà ní ojú ń kán an. Wọ́n tún gbé e wá, mo tún dá a padà, ìyá ọkọ mi ní òun mọ̀ pé ọmọlúàbí lòun fẹ́ wálé. Àwọn obìnrin ilé ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ti ń bá mi wá aṣọ tí màá wọ̀. Bí mo ṣe ń kọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbà pé mo ti gbà. Ẹ̀rù bà mí gan-an, nítorí mo rí i pé bí n kò bá la ẹnu mi, ìwà rere mi ló máa fà mí lé ọkùnrin náà lọ́wọ́.

Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú mọ́gàjí lọ́sàn-án gangan, àwọn àgbà wà lórí ẹní. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá mi, n kò ṣe ìtìjú. N kò fẹ́ ẹ. Ẹni tó lọ náà, bó bá wà láàyè, n kò retí rẹ̀ mọ́. N kò retí rẹ̀ rí."

Ìyá ọkọ mi gbọn ìdí ìró rẹ̀, ó dìde, ó sì wọ yàrá lọ. Kí oòrùn tó wọ̀, mo ti di ẹrù mi lọ sílé bàbá mi. Bí wọ́n ṣe fi mí ṣe àpẹẹrẹ tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n tún ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ, àmọ́ ó ti gba ibòmíràn.

Ọ̀gbẹlẹ̀ la wà nígbà tí ọkọ mi dé. Ara rẹ̀ le koko, kò sí ibà, kò sí àpáta. Ó wá bá mi nílé bàbá mi, ó jókòó, ó mu omi tí mo gbé fún un tán.

"Wọ́n ní o ní o ò retí mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó yí igbá omi náà lọ́wọ́. "Iṣẹ́ ojú irin ti tán lọ́dọ̀ wa tipẹ́," ó ní. "Mo kàn ń wá ohun tí màá máa ṣe níbẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ mi ni kò fẹ́ padà sọ́dọ̀ rẹ."

Mo wò ó, àánú rẹ̀ ṣe mí fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwa méjèèjì ti ń sá fún ara wa, gbogbo ilé sì ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run mú wa pàdé. A kí ara wa dáadáa, mo sì sìn ín dé ojúde. Ó fẹ́ ẹlòmíràn, èmi náà fẹ́ ẹni tí mo fẹ́, a sì máa ń rẹ́rìn-ín bí a bá pàdé lọ́jà.

N kò fi káàdì ṣòwò, ọwọ́ mi ò sì mọ̀ ọ́n tó ti ìyá Àgùdà láéláé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pè mí kí n wá bá wọn yin obìnrin kan tó ń dúró de ọkọ, mo máa ń kọ́kọ́ bi í léèrè, ní ìkọ̀kọ̀, ohun tó ń dúró dè.