Ṣùkù Àgbàdo Lẹ́nu Garawa

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa pàgọ́ sí pápá tó wà lẹ́yìn ilé mi ní Ìkìrun. Ní ìdájí, wọ́n gbé garawa omi ìwẹ̀ ka orí òkúta mẹ́ta, wọ́n dá iná igi sábẹ́ rẹ̀. Orí ibùsùn ni mo wà tí mo fi gbọ́ ohùn rẹ̀: kó, kó, kó, bí ẹni ń fi èékánná kan páànù. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti wà níta láìwọ bàtà.

"Ẹ ò dí i lẹ́nu, àbí?"

"Rárá o, Mà." Wọ́n ń wò mí tìyanu-tìyanu.

Kò pẹ́ lẹ́yìn òmìnira ni ohun tó gbé mi dìde yẹn ṣẹlẹ̀. Lásìkò kòkó, a máa ń kúrò nílùú lọ gbé ní abà wa lẹ́yìn Òkukù. Ahéré kan ṣoṣo ni, olórùlé ewé, tí òórùn kòkó tó ń kan lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í kúrò níbẹ̀. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ni olórí wa. Làkúrègbé ń bá wọn jà, òtútù oko sì máa ń dá kún un. Láràárọ̀, àfi kí a fi aṣọ tí a rẹ sínú omi gbígbóná jó orúnkún wọn kí wọ́n tó lè dìde lórí ẹní.

Nígbà tí ìkòkò omi wa fọ́, Bùrọ̀dá Láyí, àbúrò bàbá mi tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Inísà ṣùgbọ́n tó máa ń wá bá wa ká kòkó, wá garawa karosíìnì kan, irú èyí tí ẹnu rẹ̀ kéré. Wọ́n fi eérú fọ̀ ọ́ títí òórùn fi lọ, wọ́n fi amọ̀ mọ ààrò yí i ká nínú ahéré, débi pé igi díẹ̀ ti tó láti mú omi hó. Ìkìlọ̀ kan ni wọ́n ṣe fún wa: "Ẹ má dí i lẹ́nu o. Bí ẹ bá dí i, yóò bínú."

Ìyá Àgbà gbọ́, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ ọmọdé ni wọ́n kà á sí. Omi tí a kò bò, alángbá ló ni ín: ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi pàṣán kọ́ wa nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Bùrọ̀dá ti lọ ká kòkó, Ìyá Àgbà na ọwọ́ láti orí ẹní, wọ́n mú ṣùkù àgbàdo tí a fi ń dí kèrègbè epo, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu garawa gbọn-in.

Èmi àti Àbẹ̀ní, ọmọ àǹtí mi, wo ara wa. Ẹ̀rù garawa ń bà mí, ẹ̀rù Ìyá Àgbà sì ń bà mí. Ta ni yóò sọ fún àgbà pé wọ́n ṣì í ṣe? Àbẹ̀ní ló kúnlẹ̀.

"Ìyá Àgbà, Bùrọ̀dá ní kí a má dí i lẹ́nu."

"Ta ló bí Láyí? Ṣé òun ni yóò kọ́ mi ní ìtọ́jú omi? Panu mọ́, ẹlẹ́nu ṣóńṣó."

Garawa kọ́kọ́ ń dún: kó, kó, kó. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ìdákẹ́ náà sì burú ju ariwo lọ. Ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́. Amọ̀ ààrò là. Gbì! Ìyá Àgbà fẹ́ dìde, orúnkún kọ̀. Mo wo ojú wọn, mo rí i pé ẹ̀rù ń ba àwọn náà. N kò rí irú rẹ̀ rí. Èyí ló bà mí lẹ́rù jù.

"Di ẹní mú!" ni Àbẹ̀ní ké.

A di etí ẹní mú, a wọ́ wọn bí a ti ń wọ́ ẹrù kòkó. Ẹsẹ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà ni ṣùkù fò jáde, pòó! Ó gba àárín òrùlé kọjá. Omi híhó tú sókè, ó sì rọ̀ sí ojú ibi tí ẹní wà tẹ́lẹ̀.

Ìyá Àgbà jókòó sínú ìrì.

"Àbẹ̀ní."

"Mà."

"Èmi ni mo ṣáà bí Láyí o."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú wọn. Láti ọjọ́ náà, bí àgbà kan bá fẹ́ pa Àbẹ̀ní lẹ́nu mọ́, Ìyá Àgbà á ní, "Ẹ má dí i lẹ́nu o. Yóò bínú."

Ahéré náà ti wó, Ìyá Àgbà ti lọ, Àbẹ̀ní náà ti lọ. Kẹ́tùlù oníná tí a fi ń se omi lónìí máa ń pa iná ara rẹ̀ bí omi bá ti hó. Ṣùgbọ́n omi orí iná kò tíì yí ìwà padà.

Ọmọbìnrin kan láàárín àwọn ọ̀dọ́ náà mú àwo wá. "Eérú ń bọ́ sínú ẹ̀, Mà. Ṣé kí n bò ó?"

"Bò ó," ni mo wí. "Bíbò kọ́ ni dídí."

Mo bá wọn jókòó sórí àpótí, mo ń tẹ́tí sílẹ̀, títí ooru omi fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwo náà sókè díẹ̀díẹ̀.