Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ Tí A Kàn Bí Àpótí

Tí ẹ bá gbọ́ pé èmi náà ṣe káfíńtà rí, ẹ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tán ká tó máa bọ́rọ̀ lọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdìrì nígbà yẹn. Èsì ìdánwò mi rí bí ẹnu arúgbó: èyí tó ti yọ pọ̀ ju èyí tó kù lọ. Iṣẹ́ mi ò ju kí n jí, kí n jẹun, kí n bú ìjọba ológun, kí n tún lọ sùn.

Yàrá kan ṣoṣo la ń gbé ní Agége, èmi, bàámi àti màámi. Tí òjò bá ti ń rọ̀, omi á máa sun láti abẹ́ sìmẹ́ńtì, ẹní á tutù rinrin, aṣọ á bu. Làkúrègbé ti mú màámi lórúnkún méjèèjì. Ní òjò tó kọjá, èmi ni mò ń gbé wọn dìde láàárọ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, wọ́n sọ̀rọ̀ kan, wọn ò pariwo:

"Tí òjò míì bá bá mi lórí ilẹ̀ yìí, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń lọ. Kí ẹ̀yin méjèèjì máa lúwẹ̀ẹ́ níbí."

Kí ni bàámi fẹ́ ṣe sí i? Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ilé iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà ni wọ́n ti ń ṣí àwọn àpótí onípákó ńláńlá tí ẹ̀yà ẹ̀rọ máa ń bá wá láti òkè òkun. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, iṣẹ́ wọn nìyẹn. Nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tí wọ́n ń pè ní SAP dé, tí náírà di tákàdá, àpótí ò wá mọ́. Ta ló máa sanwó fún ẹni tí kò ní nǹkan tó máa ṣí? Ohun tí bàámi rí mú bọ̀ wálé ò ju irin gbọọrọ tí wọ́n fi ń hú ìṣó, àti àyè láti wá kó àwọn pákó àpótí tí wọ́n jù sẹ́yìn ilé iṣẹ́.

Èmi ọlọ́gbọ́n ni mo ní ká fi pákó yẹn tẹ́ ilẹ̀ yàrá. Mo ti rí irú ẹ̀ rí lójú fèrèsé olówó kan ní Ọmọ́lé, kí wọ́n tó fi ajá lé mi.

Ọmọlańkẹ́ la fi kó pákó náà láti Ìkẹjà. A lu àwọn ìṣó tó ti wọ́ lórí òkúta títí wọ́n fi tọ́. Ìgò fífọ́ la fi fá ojú pákó kó lè dán, a wá fi ọ́ílì dúdú tí mẹkáníìkì ti dà nù pa á lára nítorí ikán. Bí mo bá lu ìṣó lẹ́ẹ̀kan, mà á lu àtàǹpàkò mi lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọkùnrin kan nínú ilé wa, ẹgbẹ́ mi tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì, dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìyẹ̀fun lójú.

"Ẹnjiníà! Ṣé ilé lò ń ṣe ni àbí pósí?"

"Pósí ẹ ni. Mo ti fojú wọ̀n ẹ́ látàárọ̀."

Bàámi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń tẹ ọwọ́ sí ojú ibi tí pákó ti pàdé.

"Fún un pọ̀ mọ́ra. Títí kan ògiri. Tí àpótí bá ní àlàfo, eruku á wọ̀ ọ́."

"Bàámi, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ la ń ṣe o."

"Nínú èmi àti ẹ, ta ló mọ pákó?"

Mo fún un pọ̀. Láti ògiri dé ògiri, èèrà ò ráyè kọjá. Màámi bọ́ bàtà, wọ́n rìn ín síwá sẹ́yìn, wọ́n jókòó.

"Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́," ni wọ́n wí. "Ẹ jẹ́ ká wo òjò."

Òjò dé. Pákó tó ti gbẹ nínú ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi, ó ń wú, kò sì sí ibi tó máa wú sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo pọn omi dé, ilẹ̀kùn ò ṣí mọ́. Ilẹ̀ ti gbé ikùn sókè, ó ti ilẹ̀kùn pa mọ́ bàámi àti màámi.

"Ẹnjiníà, yàrá yín ti lóyún," ni ọ̀gbẹ́ni búrẹ́dì wí.

Mo yọjú lójú fèrèsé. Bàámi ti mú irin wọn lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n fi ẹnu ẹ̀ há abẹ́ pákó, wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó dìde láìya. Òmíràn, òmíràn. Wọ́n ń súfèé. Mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n súfèé láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́.

"Bàámi, ó ti tó, ilẹ̀kùn ti ṣí!"

Wọn ò gbọ́. Wọ́n ṣí i títí dé pákó tó gbẹ̀yìn, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wo ibẹ̀ bíi pé wọ́n fẹ́ mọ ohun tí wọ́n kó ránṣẹ́ wá láti òkè òkun. Sìmẹ́ńtì ni, àti omi. Súfèé dúró.

Màámi ti di ẹrù wọn. Wọ́n na báàgì sí mi láìwo bàámi. Èmi ẹnjiníà ni mo rù ú dé ibi ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ní gáréèjì.

A ò rówó ra kẹrosíìnì lọ́dún yẹn, pákó náà la fi ń dáná. Bàámi á se ọbẹ̀, èmi á bù ú. Títí òjò fi dá, gbogbo ọbẹ̀ wa ló ń run ọ́ílì mọ́tò.