Ariwo Tí Sípò Gbọ́ Lẹ́sẹ̀ Mọ́tò

Ọdún tí gbogbo ayé wá gbá bọ́ọ̀lù ní Jóbọ̀gì, tí fèrè oníke kò jẹ́ ká sùn ní Bertrams, àdúgbò tí à ń gbé, ọdún tó tẹ̀ lé e ni. Mi ò mọ̀wé, bí mo ṣe ń ka ọdún nìyẹn.

Bùláńkẹ́ẹ̀tì ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi, Ìyá Ràṣídà, ń tà. A ó rà á ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá àárín ìgboro, a ó dì í ní ìdì-ìdì, a ó gbé e lọ sí Rustenburg, níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà, lọ́jọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ bá gbowó oṣù. Àwọn obìnrin ibẹ̀ kì í wo àwọ̀ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Wọn á fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọn á dijú. Bí wọ́n bá ti rẹ́rìn-ín, ó ti tà nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí o bá pẹ́ kí o tó dé, ẹlòmíì á ti tà fún wọn.

Sípò ló ń wa kọ́mbì wa. Ọmọ Súlú ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, onísùúrù ni. Etí lásán ló fi ń mọ ohun tó ń ṣe mọ́tò. Gẹ̀ẹ́sì àmúlùmálà la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, Mama ló sì ń pe àwa méjèèjì.

Láàárọ̀ ọjọ́ owó oṣù kan, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàdúà ìrìn-àjò tán, a ti fọwọ́ pa ojú. Sípò tẹ mọ́tò síwájú díẹ̀, ó dúró.

"Mama, ẹsẹ̀ iwájú ń ké. Bẹ́rìn ni. Táyà yìí máa yọ lójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ mẹ́káníìkì."

Bẹ́rìn ni irin roboto tí táyà ń yí lé, ó ní ọmọ irin wẹ́wẹ́ nínú. Èmi náà gbọ́ ọ. Ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n bá ń lọ ata gbígbẹ lórí ọlọ. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti bí mi, a kì í fẹnu pe ibi lẹ́yìn àdúà ìrìn-àjò. Etí mi kò gbọ́ bẹ́rìn mọ́, èpè ló gbọ́.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" ni mo ké. "Táyà kò ní í yọ! Gba ọ̀rọ̀ yẹn padà lẹ́nu rẹ!"

"Àmín," ni Ìyá Ràṣídà wí. "Sípò, ìgbà wo lo di aríran? Ìyàwó tí ò ń wá láti èṣí, ṣe bí o ò tíì rí i!"

Ó rẹ́rìn-ín. "Eish, Mama. Mi ò ṣépè. Mọ́tò ló ń sọ̀rọ̀."

"Bó bá ń sọ̀rọ̀, yí rédíò sókè, ká má gbọ́ ọ."

Ó wò mí. Ó yí i sókè.

A kọjá iná adarí-ọkọ̀ tó kẹ́yìn, èyí tí wọ́n ń pè ní róbọ́ọ̀tì níbẹ̀, a bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀. Ó ṣe díẹ̀, òórùn gíríìsì tó ń jóná gba inú mọ́tò. Sípò ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà lọ́wọ́ nígbà tí táyà yọ. Mo rí i tó ń sáré lọ níwájú wa bí ewúrẹ́ tó já okùn. Mọ́tò yí po, ó fi ẹ̀gbẹ́ awakọ̀ kọ lu irin ẹ̀bá ọ̀nà. Bùláńkẹ́ẹ̀tì ya lu àwa méjèèjì, ó bò wá, a kò fara pa. Sípò kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tí a lọ kí ìyá rẹ̀, orí mátíràsì ló jókòó sí nílẹ̀, bí àwọn ìyá ṣe ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ níbẹ̀. Súlú tí mo gbọ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tó bi wá.

"Ọmọ mi mọ ariwo mọ́tò. Ṣé kò gbọ́ eléyìí ni? Ṣé kò sọ fún yín?"

Ìyá Ràṣídà wolẹ̀. Èmi ni mo dáhùn. Ìwọ ọmọ tó ń bá mi kọ ọ́, má fo ibẹ̀ yẹn. Mo ní, "Mama, kò sọ nǹkan kan."

Ó mi orí. "Àìbìkítà ló pa á nígbà náà."

Orúkọ tí wọ́n fi sin ín nìyẹn. Mò ń sọ pé mo máa padà lọ sọ òótọ́ fún ìyá rẹ̀, ìtìjú kò jẹ́. Nígbà tí mo fi lọ, ìyá náà ti kú, àjèjì ló ń gbé ilé. Èmi àti Ìyá Ràṣídà kò jọ tajà mọ́. Bí a bá pàdé ní mọ́ṣáláṣí, a ó kíra, kálukú á bá tiẹ̀ lọ. Ẹ̀bá ọ̀nà ní Berea ni mo ti ń ta tèmi, títí orúnkún mi fi kọ̀.

Nígbà tí àkọ́bí mi ra mọ́tò, mo pe gbogbo wọn jókòó. Mo ní: "Ẹni tó bá ní táyà yín máa yọ, kò ṣépè fún yín. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ wò ó, kí ẹ tó ṣàdúà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi yín nípa Sípò, ẹ ní ó gbọ́ ọ, ó sì sọ ọ́. Ìyá yín ló ní kó yí rédíò sókè."