Èédú Tó Mu Káńfọ̀

Gbogbo ilé ìwádìí náà ló ń pè é ní Bàbá Eléèédú. Orúkọ náà ti mọ́ ọn lára débi pé bí ẹ bá pe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ó lè wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn lẹ ń bá wí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó sun èèpo àgbọn di èédú, kó sì fẹ́ ooru omi gbígbóná sí i nínú ààrò títí ihò tí ojú kò lè rí yóò fi lu ú káàkiri.

Inú àwọn ihò yẹn ni wọ́n fẹ́ kí gáàsì háídírójìn máa gbé. Gáàsì yìí fúyẹ́ ju gbogbo gáàsì lọ. Bó bá jóná, omi ló ń fi sílẹ̀, kì í rú èéfín. Àmọ́ alágídí ni bó bá di ká kó o pamọ́: àfi kéèyàn fi agbára tẹ̀ ẹ́ sínú irin tó nípọn. Èédú ni kì í bá a jà. Bí òtútù bá ti mú wọn dáadáa, gáàsì á rọra wọlé, á sùn sínú ihò bí àlejò tó rí ẹní.

Lọ́dún yìí, èédú bẹ̀rẹ̀ sí í dójú ti bàbá. Bí wọ́n bá tú gáàsì sínú ìgò irin tí èédú wà, ó yẹ kí abẹ́rẹ́ géèjì, tó ń wọn agbára gáàsì inú ìgò, wálẹ̀, nítorí èédú ń mu gáàsì. Wọ́n tú u lẹ́ẹ̀mejì, abẹ́rẹ́ kàn mì díẹ̀, ó dúró bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe. Ọ̀gá àgbà ilé ìwádìí náà ní bí ẹ̀ẹ̀kẹta bá tún rí bẹ́ẹ̀, èédú ọjà ni wọn yóò máa rà, wọn yóò sì ti yàrá èédú pa. Yàrá yẹn sì ni irun bàbá ti funfun.

Ọjọ́ kan, obìnrin tó ń darí ìwádìí náà, tí kò ju àbíkẹ́yìn bàbá lọ lọ́jọ́ orí, tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá kékeré, dé ẹnu ọ̀nà yàrá èédú. Ó dúró, ó fa afẹ́fẹ́ símú.

“Bàbá, ṣé àpótí aṣọ ìyá àgbà kan wà níbí ni?”

“Èmi àti èédú nìkan ni, ọ̀gá mi.”

“Ẹ̀yin lẹ ń rùn káńfọ̀ nígbà náà.”

Bàbá ki ọwọ́ bọ àpò kóòtù iṣẹ́ rẹ̀. Káńfọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n rán an mọ́ àpò nínú. Ìyàwó rẹ̀, télọ̀ tí ẹnu rẹ̀ mú ju àlùmọ́gàjí rẹ̀ lọ, ló fi í síbẹ̀ nígbà tí aáyán wọ kọ́bọ́ọ̀dù wọn. Imú bàbá kò gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́.

Ọ̀gá kékeré jókòó sórí àpótí, ó ń rẹ́rìn-ín. “Èédú wa ti yó kó tó dé ìdí gáàsì. Gbogbo ihò tó yẹ kí gáàsì sùn sí, òórùn káńfọ̀ ti gbà á.”

Lálẹ́, bàbá sọ ọ́ nílé, ó rọra sọ ọ́.

“Àbí èmi ni mo ba iṣẹ́ yín jẹ́?” ìyàwó rẹ̀ bi í.

“Mi ò wí bẹ́ẹ̀, Ìyá wa. Káńfọ̀ ni.”

“Káńfọ̀ tí ta ló fi sápò? Ẹ kúkú wí i.” Ó pòṣé. “Èédú tí gbogbo nǹkan ń wọ̀ ọ́ lọ́fun! Ó jọ ẹnì kan tí mo mọ̀.” Ó wo ikùn ọkọ rẹ̀. Ni àwọn méjèèjì bá bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tó di ọjọ́ ìdánwò kẹta, bàbá ti yọ káńfọ̀ kúrò lápò, ó sì ti sun èédú tuntun. Ó kù díẹ̀ kó wọ yàrá ló tún ki ọwọ́ bọ àpò. Àpò kékeré kan ló bá níbẹ̀, tí wọ́n rán tónítóní, tí ewé gbígbẹ olóòórùn dídùn kún inú rẹ̀. Ó dà bíi pé ó ń gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀: káńfọ̀ lẹ dárúkọ, ẹ ò dárúkọ ewé. Bàbá bọ́ kóòtù, ó fi kọ́ sára ọgbà níta, ó fọ ọwọ́, ó sì wọlé pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì.

“Bàbá, kóòtù yín dà?” ni ọ̀gá kékeré wí.

“Ó wà níta. Ìyàwó mi wà nínú àpò rẹ̀.”

Wọ́n dé ìgò, wọ́n mú un tutù, wọ́n tú gáàsì sí i. Abẹ́rẹ́ mì. Ó dúró díẹ̀, bàbá kò mí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sì yé wálẹ̀. Ọ̀gá àgbà wò ó títí, ó ní, “Ẹ má ti yàrá yẹn o,” ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí bàbá délé, ìyàwó rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Kò gbé orí sókè.

“Ewé yẹn ńkọ́? Ṣé èédú tún ti gbé e mì?”

“Kò rí i,” ni bàbá wí, ó ki imú bọ àpò kóòtù. “Èmi nìkan ni mo mu ún.”